Ta Ló Ka Ti Àná?

Nọ́ńbà kan wà tí mi ò lè jókòó sí ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ àyíká l'Ábùjá kí n má gbọ́ ọ: 76. Ẹnì kan á dìde, á tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe, á ní kòkòrò ilé ayé ti fi ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Gbogbo yàrá á mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní oúnjẹ ọ̀sán ti délẹ̀. Irọ́ kọ́ ni nọ́ńbà yẹn, àmọ́ kò kan gbogbo ayé, kò sì kan àwa rárá. Jámánì ni wọ́n ti gbé e wá. Ẹgbẹ́ kan wà ní ìlú Krefeld tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1905. Àwọn tó kàn fẹ́ràn kòkòrò ló pọ̀ jù nínú wọn, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n ta àgọ́ aṣọ sí ibi 63 tí ìjọba dáàbò bò. Ohunkóhun tó bá fò kọlù ú á gòkè, á bọ́ sínú ìgò sípíríìtì, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n. Láti 1989 títí dé 2016 ni wọ́n ń bá a bọ̀. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, ìwúwo ohun tó ń bọ́ sínú ìgò ti fi ìdá 76 wálẹ̀.

Tèmi ò sí lórí 76 yẹn. Ọdún 27 tí wọ́n fi dúró tì í ni mo ń jowú.

Kíka kòkòrò ni iṣẹ́ mi. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀dá alààyè ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ gbé mi dé Ábùjá, ibẹ̀ ni irun orí mi ti ń funfun. Ìyá mi, títí tí wọ́n fi re ibi àgbà á rè, kò jẹ́ kí ará àdúgbò kankan mọ ohun tí mò ń ṣe gan-an. Wọ́n ní mo wà ní míníísírì. Bí ẹnì kan bá bi wọ́n pé míníísírì wo, wọ́n á ní èyí tó wà l'Ábùjá. Mi ò bá wọn jà. Ta ló fẹ́ dúró láàárín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà, kó ní òun ta ilẹ̀ rán ọmọ lọ sí yunifásítì kó lè lọ máa ka tata?

Àwọn aládùúgbò mi níbí náà ní tiwọn. "Dókítà, ẹ ní kòkòrò ń dín kù? Ẹ wá sun ilé mi lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ bá mi ka ẹ̀fọn." A jọ máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni wọ́n bi. Ẹ̀fọn tó ń yé sínú gọ́tà ẹlẹ́gbin, àwa la ń sìn ín. Gbogbo ilé tí a kọ́ láìfi ojú àgbàrá sílẹ̀ ń bá a wá ibùgbé. Aáyán ń jayé nílùú. Eṣinṣin náà ń jayé. Àwọn tí ọkàn mi kì í balẹ̀ lórí wọn ni àwọn tí kò mọ ibòmíràn gbé: èyí tó jẹ́ pé ewé igi kan ṣoṣo ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ, èyí tó ń yé sínú igi jíjẹrà, lámilámi tó jẹ́ pé odò tó mọ́ ló lè tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà. Ẹni tó bá da gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ẹ̀fọn, tó ní "kòkòrò ṣì pọ̀", ti ṣì í kà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà Kuje ni mo ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, lẹ́bàá abúlé àwọn Gbàgyí kan. Igi ẹmì pọ̀ níbẹ̀, igi igbá náà wà, koríko á sì ga ju èèyàn lọ bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa. Irinṣẹ́ wa kò le. Àgọ́ aṣọ wà, irú ti Krefeld. Ife ike wà tí a rì mọ́lẹ̀ fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Abọ́ aláwọ̀ ìyeyè wà tí a bu omi ọṣẹ sí, torí oyin àti agbọ́n a máa rò pé òdòdó ni. Fún àfòpiná, a ó ta aṣọ funfun, a ó gbé gílóòbù síwájú rẹ̀, a ó sì gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní I-better-pass-my-neighbour jìnnà díẹ̀, kí ariwo rẹ̀ má baà pa wá.

Abọ́ ìyeyè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa kúrò lábúlé. Mẹ́ta-mẹ́ta la máa ń tò ó, ibi tí oòrùn bá ti ń pa la sì ń gbé e sí. Nínú igbó tó ṣú, oríta ẹsẹ̀ ọ̀nà oko ni oòrùn ti ń pa. Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọlọ́kadà kan, ọmọ Ọ̀ffà, ló kọ́kọ́ bá a pàdé. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó yí ọ̀kadà rẹ̀ padà, ó gba àárín koríko, ó lọ sọ lábúlé pé wọ́n ti gbé nǹkan síta o. Àwọn Gbàgyí tó ni ilẹ̀ kò rí nǹkan kan nínú abọ́ mẹ́ta. Ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi ló túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí a dé, wọ́n ti da erùpẹ̀ bo méjì. Ẹ̀kẹta, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ọmọdé kan sì ń fi jẹ ìrẹsì.

Bí a bá ti kó ìgò délé ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tú ìgò ọ̀sẹ̀ kan sínú àwo fẹ́lẹ́ lábẹ́ máíkírósíkópù, ẹ ó rí ìyẹ́, ẹsẹ̀, ojú, gbogbo rẹ̀ wọ́n mọ́ra wọn. Eṣinṣin kéékèèké ló máa pọ̀ jù, àwọn tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Láàárín wọn, agbọ́n kan á wà tó jẹ́ pé inú ara kòkòrò mìíràn ló ń yé sí, ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, àwọ̀ rẹ̀ ń dán láàárín ewé àti wúrà. Ẹ gbé gbogbo ìwé tó wà nílẹ̀ wá, ẹ ò ní rí orúkọ rẹ̀. Ti labalábá sàn: láti 1957 ni ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé Boorman àti Roche jáde lórí labalábá Nàìjíríà, Torben Larsen ará Denmark sì kó ti gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jọ sínú ìwé ńlá ní 2005. Àwọn agbọ́n kéékèèké kò rí ẹni ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn. A ó fún un ní nọ́ńbà, a ó kọ ibi àti ọjọ́ sára bébà tó kéré ju èékánná lọ, ó tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí nìyí. Kíka ti òní kò nira. Ta ló ka ti àná?

Ìyá kan wà lábúlé yẹn tí mo máa ń kí kí n tó wọ igbó. Hausa tí àwa méjèèjì gbọ́ níwọ̀nba la fi ń tàkurọ̀sọ. Nígbà òjò, kòkòrò kan máa ń bo igi ẹmì, á jẹ ewé rẹ̀ tán pátápátá. Cirina forda ni sáyẹ́ǹsì ń pè é, àwọn tiwa ní Kwara ń pè é ní kanni. Àwọn obìnrin á ṣà á, wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, wọ́n á tà á. Màmá yìí ní nígbà tí òun wọ ilé ọkọ, igi kan á kún agbada. Ní báyìí, òun á rin oko mẹ́ta kí mùdù kan tó kún. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mùdù ni òṣùwọ̀n ọjà, ó sì dára ju "ó ti dín kù" lọ. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n ti gé ọ̀pọ̀ ẹmì fún èédú, mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣà á pọ̀ sí i torí owó tó wà ńbẹ̀. Kí gan-an ló wá dín: kòkòrò ni, igi ni, àbí ìpín màmá?

Ẹ wo sányán náà. Nínú ẹtù, sányán àti àlàárì, òun ni òwú rẹ̀ ti inú igbó wa wá. Àfòpiná tí wọ́n ń pè ní Anaphe ló ni ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ a kóra jọ lórí igi, wọ́n á hun ilé kan ṣoṣo bo gbogbo ara wọn. Èèyàn á ká a, á fi omi eérú sè é, á ran òwú rẹ̀. Lónìí, òwú lásán tí wọ́n rẹ sí àwọ̀ sányán ló wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ ìyàwó. Ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn sọ fún mi pé láti ìgbà èwe òun ni òun ti gbé ojúlówó rẹ̀ sórí òfì gbẹ̀yìn. Ó dáa, àmọ́ ṣé àfòpiná ló lọ, àbí àwọn ọmọ tí à bá rán lọ ká a ti lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì? Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Lọ́kọ́ja náà á sọ fún yín pé nígbà kan, bí òun bá dé Gwagwalada lálẹ́, òun á ní láti fi ọ̀bẹ ha kòkòrò kúrò lójú gíláàsì. Mo gbà á gbọ́. Mo gba gbogbo wọn gbọ́. Ṣùgbọ́n bí míníísítà bá bi mí lọ́la pé èló ló dín, mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́, mi ò sì ní yá ti Jámánì fún un. Ilẹ̀ wọn yàtọ̀, òjò wọn yàtọ̀, oògùn tí wọ́n ń fín sóko ti pẹ́ níbẹ̀ ju tiwa lọ. Ó ṣeé ṣe kí tiwa burú jù bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó sàn.

Ká ṣáà sọ òótọ́, wọn ò kọ́ Ábùjá láìwo ilẹ̀. Lẹ́yìn òfin oṣù kejì ọdún 1976 tó ní kí olú-ìlú kó wá síbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje kó àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn wá yẹ ilẹ̀ náà àti àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ wò kí katapílà tó wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ takuntakun ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ní iye owó lórí ni ìjọba ń kà títí dòní. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ilẹ̀ abúlé kan, àwọn tó ń díye lé ohun ìní á wá pẹ̀lú ìwé: mángòrò mélòó, kaṣú mélòó, ẹmì mélòó, igbá mélòó. Wọ́n á san owó igi. Kòkòrò orí ẹmì tí màmá ń tà kò sí nínú ìwé yẹn.

Kò jẹ́ pé a ò mọ kòkòrò kà o. Bí ó bá ti kan ikùn wa, a mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, kòkòrò funfun kan tó tẹ̀lé ẹ̀gẹ́ dé láti Gúúsù Amẹ́ríkà ń pa ẹ̀gẹ́ kúrò ní Congo títí dé ọ̀dọ̀ wa. Hans Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, Ìbàdàn, wá ọ̀tá rẹ̀ dé Paraguay, agbọ́n kan tó kéré tóbẹ́ẹ̀ tí ẹ lè fà á símú, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní 1981. Agbọ́n yẹn ló gba gàrí wa sílẹ̀, Herren sì gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Ohun tí àwọn èèyàn kì í sọ nínú ìtàn náà ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n tú u sílẹ̀, àwọn kan ń lọ láti oko dé oko, wọ́n ń ka kòkòrò funfun náà lórí ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń dín lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbẹ̀rẹ̀ 2016, nígbà tí kòkòrò ajẹ-àgbàdo tí wọ́n ń pè ní fall armyworm kọ́kọ́ yọjú ní Áfíríkà, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà níbí gan-an. Kíá ni àwọn ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ pàkúté rẹ̀ ká oko. Àwọn tó ń pa wá lára la máa ń kà. Àwọn tó ń gbé òdòdó kaṣú pàdé ara wọn, tó ń sọ ewé di ilẹ̀, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Àwọn ẹlẹ́yẹ gan-an ti fi wá sílẹ̀. Láti 2015 ni àwọn èèyàn káàkiri Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe onímọ̀, ti ń fi fóònù kọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí sílẹ̀ fún àwòrán ilẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà, pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ A. P. Leventis tó wà lẹ́bàá Jos. Ẹyẹ rẹwà, ó ń kọrin, ó sì ṣeé mọ̀ láti òkèèrè. Ta ló fẹ́ jí ní kùtùkùtù Sátidé lọ yọ agbọ́n nínú ọṣẹ?

Àkọsílẹ̀ tí àwa ń kó jọ lọ́nà Kuje náà ní àlàfo. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2022, àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹlẹ́wọ̀n sì sá jáde. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi kí n má tan gílóòbù sínú igbó mọ́. Fún oṣù púpọ̀, ojú ìwé àfòpiná wà lófìfo, ìgbà òjò sì ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ́sítéètì kan yọ lódìkejì ọ̀nà. Nígbà tí a padà, iye àfòpiná tó ń bà lórí aṣọ wa já wálẹ̀ bí ẹni gé e. Inú akẹ́kọ̀ọ́ mi dùn, ó ti rí ìwé rẹ̀ kọ. Ó ní, "Sà, ẹ wò ó, ó ti dín kù." Mo ní kó tẹ̀ lé mi. Géètì ẹ́sítéètì la lọ, níbi tí iná funfun mọ́lẹ̀ títí di àárọ̀. Ara ògiri kò hàn fún àfòpiná. Mègáàdì ibẹ̀ ní òun ń gbá wọn lárààárọ̀ fún adìẹ òun. Kí àwọ̀n má kó ẹja kò ní kí odò ti gbẹ. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò tó wà nínú igbó ò yí padà, iná tuntun ló ń bá tiwa díje. Ó sì lè jẹ́ pé iná yẹn àti adìẹ yẹn ló máa pa wọ́n run lọ́la. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọgbọ́n, ó sì ti wà ní Kánádà báyìí.

Owó náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Àwọn tó ń fowó sí irú iṣẹ́ yìí máa ń fẹ́ ọdún méjì, bí wọ́n bá ṣàánú wa púpọ̀, mẹ́ta. Láàárín ọdún mẹ́ta, ohun tí ẹ máa rí ni òjò: ọdún kan tó rọ̀ dáadáa, ọdún kan tó dá, àti kòkòrò tó ń tẹ̀lé e sókè sódò. Àwọn tó ń bójú tó ibùdó ìwádìí Rothamsted ní England ní àwọn pàkúté iná àfòpiná tó ti wà nínú ètò kan náà láti 1968, kì í ṣe ọdún mẹ́ta.

Ẹni tí mo máa ń rántí jù ni Jennifer Owen, onímọ̀ ẹ̀dá alààyè. Ọkọ rẹ̀, Denis, kọ́ni ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Freetown lẹ́yìn ọdún 1965. Àgọ́ aṣọ kan wà nínú ọgbà wọn níbẹ̀, wọ́n sì fi ohun tó kó wéra pẹ̀lú ti ilẹ̀ òyìnbó nínú ìwé kan ní 1974. Nígbà tí wọ́n dé Leicester ní England, Jennifer ta àgọ́ sẹ́yìn ilé wọn, ilé bíi ti gbogbo èèyàn. Láti 1972 títí dé 2001 ni ó ń kà, àìsàn iṣan sì mú un láàárín rẹ̀. Ju 2,600 oríṣiríṣi ohun alààyè ló rí, ewéko àti ẹranko, inú ọgbà kan ṣoṣo. Leicester rí ọgbọ̀n ọdún gbà. Freetown rí ìwọ̀nba ọdún tí wọ́n fi gbé ibẹ̀. Bí ọgbà Freetown bá ti rí ẹni jókòó tì í bẹ́ẹ̀, à bá ti ní nọ́ńbà kan tó jẹ́ tiwa lónìí.

Torí ẹ̀ ni mo fi ṣíwọ́ wíwá igbó tó dára. Ibi tí wọn ò ní tà ni mò ń wá. Ilẹ̀ ìjọ, ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí, itẹ́ òkú, mo ti ro gbogbo rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba ló wọ̀ mí lójú jù: ó ní fẹ́ńsì, ó ní mègáàdì, ó sì ní àwọn ọmọ tí kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tijú kòkòrò. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Gwagwalada gbà mí lálejò. Wọ́n jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán, wọ́n wá bi mí pé, "Dókítà, ta ló máa máa ra sípíríìtì?"

Mo ní, "Èmi ni, Mà."

"Bí ẹ bá wá fẹ̀yìntì ńkọ́?"

Mo ní olùkọ́ báyọ́lọ́jì wọn lè máa bá a lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní olùkọ́ báyọ́lọ́jì kan ṣoṣo ni àwọn ní, ó sì ti gba páásípọ́ọ̀tù. Wọ́n ní kí a kọ ọ́ sábẹ́ JETS, ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, torí olùkọ́ ló ń lọ, JETS ti wà níbẹ̀ kí àwọn tó dé. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, kí n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ girama, kí n sì wá bá ẹgbẹ́ òbí sọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ abọ́ má baà di nǹkan mìíràn. Wọ́n ti gba àgọ́ aṣọ. Wọ́n gba ife inú ilẹ̀. Gílóòbù alẹ́ la ṣì ń fà lọ́wọ́: wọ́n ní ta ni yóò sùn tì í.